Kí n tó ra ọmọ ẹja, abọ́ ni mo ń kọ́kọ́ wọ̀n

Ìyá ẹlẹ́ja dé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù ló gbé e wá, òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ kan, pẹ̀lú dúrọ́ọ̀mù aláwọ̀ búlúù mẹ́rin àti ìwọ̀n onírin kan tó ń fì dirodiro lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ létí pọ́ǹdù, ó ki ọwọ́ bọ omi. Àwọn àrọ̀ ń yọ ẹnu sókè, wọ́n ń gba atẹ́gùn, wọ́n tún ń padà sísàlẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, o ò fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀ yìí, àbí?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá."

Irọ́ ni mo pa. Láti aago márùn-ún ìdájí ni mo ti da ìdajì àpò fíìdì sínú omi, tí mo sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. Ìṣirò mi rọrùn: kílò ni wọ́n fi ń ra ẹja, ohun tó bá sì wà níkùn ẹja, orí ìwọ̀n náà ni yóò jókòó sí. Oúnjẹ kílò méje àtààbọ̀, kí n gbà á padà ní iye ẹja. Mo rò pé mo gbọ́n.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, fóònù mi dún. Ìyá ẹlẹ́ja ni. Wọ́n wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, oòrùn ti mú, ọkọ̀ ò rìn. Ó ní, "Ẹja rẹ ń bì o. Omi inú dúrọ́ọ̀mù ti ki bí ògì." Òkú ẹja 44 ló bá a dé Ìbàdàn. Ìdajì owó ló ti san fún mi tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá san ìyókù, ó yọ owó kílò 40 kúrò níbẹ̀, ó ka èyí tó kù lé mi lọ́wọ́, kò bú mi, kò sì wo ojú mi. Gbólóhùn kan péré ló sọ: "Èmi kọ́ ni n ó san owó oúnjẹ àárọ̀ wọn."

2017 nìyẹn, ìkórè mi àkọ́kọ́. Ẹja tí a bá fẹ́ gbé rìn, ó yẹ kó gbààwẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan ó kéré tán, kí ikùn rẹ̀ lè ṣófo, kí ó má baà ba omi jẹ́ lọ́nà. Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Wọ́n ti sọ fún mi níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́. Ojúkòkòrò ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe dédìí ẹja. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti fọ́tòkópì ni mò ń ṣe nítòsí Under-G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH. Ẹni tó bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́ dáadáa mọ̀ pé bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ sílé, àdúgbò yẹn á dá wáí, bíi pé ọdẹ ti lé ẹran inú rẹ̀ tán. Ní 2016, wọ́n lọ, wọn ò sì tètè padà. Mo ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mò ń lé eṣinṣin lórí ẹ̀rọ. Bàbá mi ní ilẹ̀ kan lọ́nà Ìlọrin, kànga tó ní omi dáadáa wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo gbé kọ́ pọ́ǹdù búlọ́ọ̀kù méjì. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní n kò gbọdọ̀ da ẹja sínú sìmẹ́ǹtì tuntun, pé ata sìmẹ́ǹtì ń pa ọmọ ẹja. Mo gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo kó o sínú omi, mo ń da omi nù, mo ń pọn òmíràn sí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Àwọn aládùúgbò ń bi mí léèrè bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń sìn.

Ọmọ ẹja 1,000 ni mo kọ́kọ́ dà sínú pọ́ǹdù kan. Nígbà tó pé oṣù kan, mo fa omi sílẹ̀, mo kà wọ́n, 580 ni mo bá. Òkú ẹja kankan ò sì léfòó rí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni olè. Mo ra tọ́ọ̀ṣì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sí oko. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo tilẹ̀ ti ń fojú olè wo ọmọ aládùúgbò mi kan tó máa ń wá pọnmi.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo tan tọ́ọ̀ṣì sójú omi. Mo rí ẹja kan tó ń wẹ̀ gọ̀ọ̀rọ̀gọ̀, bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Mo fi àwọ̀n gbé e. Ìrù ẹja mìíràn ló yọ síta lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì ń mì. Ó ti gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ mì dé ìdí, kò lè gbé e mì tán, kò sì fẹ́ pọ̀ ọ́ sílẹ̀. Inú pọ́ǹdù mi ni olè wà, èmi náà ni mo sì ń bọ́ ọ.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp. Orílẹ̀-èdè Malaysia ló wà nígbà náà, ní Penang. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní nítòsí ibi tí òun ń gbé, wọ́n ń sin ẹja kan nínú àgò àwọ̀n tí wọ́n so mọ́ orí òkun, siakap ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, òun ni àwọn olóyìnbó ń pè ní seabass. Ó ní èyí tí mo rí yìí kéré sí tiwọn. Seabass kékeré lè gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ tó gùn ju ìdajì ara rẹ̀ lọ mì káló. Iṣẹ́ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í fi ṣeré ni pé kí wọ́n máa ṣa àwọn ọmọ ẹja, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti ṣà wọ́n rí?" N ò ṣà wọ́n rí. Mo rò pé oúnjẹ ló ká wọn lára, bí mo bá ti fún wọn yó, ó tán.

Kì í ṣe ebi nìkan ni. Inú ọmọ ẹja 1,000 tó jẹ́ ìyá kan náà, ọjọ́ kan náà, àwọn mélòó kan á ṣàdédé yọ gìrọ̀gìrọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ohun tó bá ti lè wọ ẹnu wọn, oúnjẹ ni. Láti ìgbà yẹn, mo ra abọ́ ike, mo fi irin gbígbóná lu ún níhò: ẹja kékeré á bọ́ sílẹ̀, ńlá á dúró sínú abọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń ṣe é títí wọ́n fi pé oṣù méjì àtààbọ̀. Iṣẹ́ tó ń mú ẹ̀yìn ro èèyàn ni, ṣùgbọ́n nínú 1,000 tí mo tún dà lẹ́yìn ìyẹn, mo kó ju 900 lọ.

Ọ̀rọ̀ seabass yìí wá wọ̀ mí lórí fúngbà díẹ̀. Ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì kan ló dá a sílẹ̀. Ó ní àwọn oníbàárà kan wà tí kì í jẹ àrọ̀, àwọn kan nítorí ìsìn wọn, pé ẹja tí kò ní ìpẹ́ kò yẹ ní jíjẹ, àwọn mìíràn nítorí èèwọ̀ ìdílé. Ó ní bí mo bá lè rí ẹja onípẹ̀ẹ́ tí ẹran rẹ̀ funfun, tí kò lẹ́gùn-ún púpọ̀, iye tí mo bá pè é lòun ó rà á. Mo ronú kan fídíò tí àbúrò mi fi ránṣẹ́: ẹja dídán yanran bíi fàdákà, tó ń fò sókè nínú àgò. Mo gba kálámù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó tí n kò tíì rí.

Àbúrò mi ló fi sùúrù bá mi tú u. Òótọ́ ni pé seabass àgbà lè gbé inú omi tí kò níyọ̀. Àwọn ará Australia, tí wọ́n ń pè é ní barramundi, ń sìn ín nínú pọ́ǹdù omi tí kò níyọ̀ bíi tiwa. Ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ ló ń yé ẹyin sí, inú rẹ̀ náà ni ẹyin ti ń pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àwọn ará Thailand tó rí i ṣe kí ó máa yé lábẹ́ ìtọ́jú èèyàn. Òkun tiwa ò ní irú rẹ̀. Láti apá Lárúbáwá títí dé Australia ni ilé rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan wà nínú Odò Ọya, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin omi, ṣùgbọ́n apẹja ló ń mú ìyẹn, èèyàn kì í dédé rí ọmọ rẹ̀ rà. Nítorí náà, bàálù ni ọmọ seabass tèmi ó wọ̀ kó tó dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ó tún kù. Àrọ̀ ní ohun kan lókè ẹ̀ka mímí rẹ̀ tó fi ń gba atẹ́gùn lójú omi, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Ìyá ẹlẹ́ja fi lè kó 100 sínú dúrọ́ọ̀mù kan kí ó sì gbé e dé Ìbàdàn láàyè. Seabass ò ní i. Atẹ́gùn tó wà nínú omi nìkan ló ń mí. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi dákẹ́, kí n tó fa jẹnẹrétọ̀ yóò ti di ẹja fún ọbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sì mọ bí iná tiwa ṣe rí. (Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn rẹ̀ ni pé akọ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń kọ́kọ́ jẹ́, bí wọ́n bá ti dàgbà fún ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n ń yí padà di abo. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó ní kí n má mú irú ẹja bẹ́ẹ̀ wọlé òun.)

Mo jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n mo gba ohun kan lọ́wọ́ seabass tí kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Àbúrò mi bi ọkùnrin tó ni àgò kan léèrè pé kí ló dé tó fi ń ta ẹja rẹ̀ nígbà tó bá wọn bíi ìdajì kílò sí gíráàmù 600, nígbà tó jẹ́ pé ó lè tó kílò méjì, mẹ́ta. Ọkùnrin náà gbé abọ́ pẹrẹsẹ kan sílẹ̀, ó tẹ́ ẹja lé e. Odidi ni wọ́n ń fi ooru sè é níbẹ̀, pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata, odidi náà ni wọ́n ń gbé e síwájú oníbàárà. Orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú abọ́, ìrù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú abọ́. Àwọn tó tóbi jù, àwọn tó ń gé ẹran rẹ̀ tà lọ́tọ̀ ló ń rà wọ́n. Kí ó tó ra ọmọ ẹja ló ti mọ èyí tó ń sìn fún ta ni.

Èmi? Mo ń sin ẹja títí tí ó bá ti "tóbi". Mo wá ń wá ẹni tó máa rà á.

Ẹ wo ohun tí wíwá yẹn ń ná mi. Ìkórè àkọ́kọ́ yẹn, bíi kílò 500 ni gbogbo ẹja náà. Àpò fíìdì 40 ni wọ́n jẹ, ₦6,500 lápò kan nígbà náà, ó jẹ́ ₦260,000. Ọmọ ẹja ₦20,000. Epo tí mo fi fa omi, oògùn, owó ọmọ tó ràn mí lọ́wọ́, ₦38,000. Mo ta kílò ní ₦700. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ láyọ̀, ₦32,000 ni n bá jẹ lérè fún oṣù mẹ́fà. Ẹ yọ ₦28,000 òkú ẹja kúrò. ₦4,000. Mo fi ra bàtà.

Ẹja kílò 500 tó ń dúró de oníbàárà ń jẹ bí ìdajì àpò lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá péré tí èèyàn bá fi ń pe fóònù kiri, ó ti jẹ èrè mi tán, àkókò yẹn náà ni fíìdì kì í tún ṣe ẹran sára rẹ̀ bíi ti kékeré mọ́. Ó kàn ń jẹun ni.

Mo gba teépù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ìlú. Bùkà kan wà lápá Tákìé tí èrò kì í dá níbẹ̀. Mo jẹun tán, mo bẹ ìyá olọ́kà pé kí ó jẹ́ kí n wo bí ó ṣe ń gé ẹja. Ó rò pé wèrè ló ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ó fi hàn mí. Ẹja kan, ọ̀nà mẹ́rin: orí, àyà, ìbàdí, ìrù. Ó fi ọ̀bẹ díwọ̀n rẹ̀ lápá ara rẹ̀, láti orí ìka dé ìgúnpá. "Tó bá ju báyìí lọ, èkìrí á tóbi, wọ́n á ní ó wọ́n. Tó bá kéré sí i, wọ́n á ní mo ya ahun." Mo wọn apá rẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo wá ẹja tó gùn bẹ́ẹ̀ nínú pọ́ǹdù, mo gbé e lé ìwọ̀n: gíráàmù 540. Ọkùnrin tó ni àgò ní Penang àti ìyá olọ́kà Tákìé, wọn ò mọ ara wọn rí, iye kan náà ni wọ́n ń wá.

Àwọn onípẹ́pẹ́súùpù kò fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí oníbàárà wọn máa ń nàka sí ẹja láàyè fẹ́ kílò kan sókè, kí ó ga lójú. Àwọn tó ń yan ẹja fẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú kílò kan, torí ẹja tó bá tóbi jù kì í tètè gbẹ nínú. Láti 2018, orúkọ oníbàárà ni mo fi ń pe pọ́ǹdù mi. Ti olọ́kà nìyí, ti onípẹ́pẹ́súùpù nìyẹn. Oṣù kan àtààbọ̀ ṣáájú ìkórè ni mo ti ń pè wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà wà níbẹ̀. Ìwọ̀n Ìyá ẹlẹ́ja ń já mi kulẹ̀, mo mọ̀ ọ́n lára, n ò sì lè sọ ọ́. Lọ́jọ́ kan mo pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá, ó kún dé ẹnu. Lítà omi kan, kílò kan ni. Èyí kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè jiyàn lé lórí. Mo gbé e kọ́ sórí ìwọ̀n rẹ̀, kílò mẹ́jọ àti díẹ̀ ló pè é, tòun ti kẹ́ẹ̀gì. Ìyá wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ìwọ̀n mi ti darúgbó bíi tèmi." Láti ọjọ́ náà, ìwọ̀n tèmi là ń lò, ṣùgbọ́n ó gba ènì kún un, ẹja kan lórí kílò mẹ́wàá-mẹ́wàá. Mo ti fi ènì náà sínú iye tí mò ń pè. Ó mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde nínú àwa méjèèjì.

Àwìn ńkọ́? N kì í tà á mọ́. Hòtẹ́ẹ̀lì kan wà tó jẹ mí ní gbèsè láti 2019. Bí mo bá ń kọjá níwájú rẹ̀, mo máa ń wo ibòmíràn.

Ní ìparí oṣù kẹta 2020, ẹja mi 700 ti tó ọjà. Àìsàn kòrónà ti dé, wọ́n ní kí a má jáde láti aago méje alẹ́, kò sí àríyá, bùkà dákẹ́, ilé ọtí tì. Ìyá ẹlẹ́ja ní òun ò lè rà ju kílò 30 lọ. Fíìdì ń wọ́n sí i. Ìyá ìyàwó mi ló dìde. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n kú sínú omi ni?" A gbẹ́ ilẹ̀, a fi àgbá onírin ṣe ààrò, a tẹ́ àwọ̀n lé e.

Iyọ̀ ló ń kọ́kọ́ dà lé wọn lórí nínú ọpọ́n, a sì fi nǹkan bò ó, ariwo wọn á pọ̀ díẹ̀, á sì rọlẹ̀. Iyọ̀ náà ló ń bọ́ yọ́rọ̀yọ́rọ̀ ara wọn. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ ìfun láìfọ́ òróòro, bí wọ́n ṣe ń ká ẹja roboto kí ìrù rẹ̀ wọ ẹnu, tí wọ́n á fi igi pẹ́lẹ́bẹ́ gún un kó má baà tú. Èédú la lò, iná jẹ́jẹ́, ọjọ́ méjì. Èéfín wọ gbogbo aṣọ ilé. Kílò kan tútù, bí ó bá gbẹ tán, kì í pé gíráàmù 300, ìyẹn já mi láyà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e lé ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹja gbígbẹ kì í jẹ fíìdì. Ó dúró nínú páálí títí ọ̀nà fi là, tí a fi kó o lọ sí Èkó. Láti ọdún náà, ìdámẹ́ta gbogbo ìkórè mi ni ìyá ìyàwó mi ń gbà, kì í sì í gba àwìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn 2023, tí owó epo àti dọ́là gbéra, àpò fíìdì kan ju ₦25,000 lọ. Owó ẹja náà gòkè, ṣùgbọ́n kò sáré tó fíìdì. Mo gbìyànjú àti lọ tèmi, sóyà, àgbàdo, ẹja lílọ̀, kúlíkúlí. Ó ń rì sísàlẹ̀ omi, n ò lè mọ èyí tí wọ́n jẹ àti èyí tó ń jẹrà níbẹ̀, omi ń rùn. Ní báyìí, fíìdì tó ń léfòó ni mò ń fún wọn nígbà tí wọ́n bá kéré, mo sì ń po tèmi mọ́ ọn bí wọ́n bá ti dàgbà. Pọ́ǹdù kan ló ní ẹja nínú. Èkejì, omi òjò ni.

Lóṣù tó kọjá, Ìyá ẹlẹ́ja dé. Ọmọ rẹ̀ ti di bàbá ọmọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń wakọ̀ báyìí. Ìyá bẹ̀rẹ̀ létí pọ́ǹdù, ó ki ọwọ́ bọ omi.

"Ọmọ mi, o ò fún wọn lóúnjẹ, àbí?"

"Láti àná àárọ̀, Màmá."

Ó mi orí. Ó fi àwọ̀n gbé ẹja kan, ó dì í mú lọ́rùn, ó fi àtàǹpàkò tẹ ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ohun tó máa jáde. Lẹ́yìn náà ló jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì ní kí ọmọ rẹ̀ gbé ìwọ̀n mi wá.